Ta Ni Ó Ni Ilé-Iṣẹ́ Náà?

Ẹ̀kọ́ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kà á ní ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí: ìpín, onípìn-ín, ìgbìmọ̀ olùdarí, alága, ọ̀gá àgbà, èrè, dúkìá. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

APÁ KÌÍNÍ: ÀGA MẸ́TA

Ká sọ pé obìnrin 20 ní Sanson fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́. Iye owó rẹ̀ jẹ́ 300 000 fránkì. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè dá a san. Wọ́n wá pín owó náà sí ọ̀nà 60, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 5 000 fránkì. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yìí ni à ń pè ní ìpín. Ẹni tí ó bá san owó ìpín ni onípìn-ín. Ìyá kan san ti ìpín 1, òmíràn san ti 3, ẹnì kan tí ó rí kajú tà dáadáa lọ́dún yẹn san ti 10.

Ta ni ó ni ẹ̀rọ náà? Ẹ má yára dáhùn. Bí ìyá tí ó ní ìpín 10 bá wá tú irin kan lára ẹ̀rọ, tí ó ní ìpín òun ni òun ń gbé lọ sílé, àwọn yòókù yóò pariwo lé e lórí, wọn kò sì ní jẹ̀bi. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni ẹ̀rọ. Àwọn onípìn-ín ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ onípìn-ín ni ìwé tí ó fi hàn pé ó ní ìpín. Nítorí ìwé yìí, ó lè sọ̀rọ̀ kí ó sì dìbò ní ìpàdé, ó lè gba èrè nígbà tí èrè bá wà, ó sì lè ní kí a fi ìṣirò owó han òun.

Obìnrin 20 kò lè fi ọjà àti oko sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà wọ́n yan ènìyàn 5 láàárín ara wọn pé kí wọ́n máa bójú tó ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Àwọn 5 yìí ni ìgbìmọ̀ olùdarí. Lórí ìwé ìjọba, ní èdè Faransé, conseil d'administration ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ. Ẹni tí ń ṣáájú wọn ní ìpàdé ni alága. Àwọn 5 náà kì í fi ọwọ́ ara wọn lọ àgbàdo. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Òun ni ọ̀gá iṣẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ọ̀gá àgbà ni a ń pè é.

Àga mẹ́ta nìyẹn: àga onípìn-ín, àga olùdarí, àga ọ̀gá iṣẹ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ń jíhìn fún àwọn olùdarí. Àwọn olùdarí ń jíhìn fún àwọn onípìn-ín. Bí ènìyàn kan náà bá jókòó sórí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ilé-iṣẹ́ tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, ta ni yóò bi í léèrè?

Ní àdúgbò wa a máa ń gbọ́ kí ènìyàn wí pé, "Lágbájá ni ó ni ẹgbẹ́ yẹn," nítorí pé Lágbájá ni alága. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó léwu. Bí a bá ń sọ ọ́ lọ fún ọdún mẹ́wàá, alága fúnra rẹ̀ yóò gbà á gbọ́.

Bí ọdún bá parí, wọ́n á ka owó tí ó wọlé. Wọ́n á yọ owó epo, owó oṣù àti owó àtúnṣe. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni èrè. Ká sọ pé èrè jẹ́ 90 000 fránkì. Àwọn olùdarí dá a lábàá pé kí wọ́n fi 30 000 pamọ́ nítorí ẹ̀rọ ń gbó, ìpàdé àwọn onípìn-ín sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ku 60 000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 60: ìpín kọ̀ọ̀kan gba 1 000 fránkì. Ẹni tí ó ní ìpín 3 gba 3 000. Ẹni tí ó ní ìpín 10 gba 10 000. Bí èrè kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò gba nǹkan kan, àti olówó àti tálákà.

Ìdìbò ńkọ́? Ní ilé-iṣẹ́ olókòòwò, ìpín ni ó ń dìbò. Ẹni tí ó ní ìpín 10 ní ìbò 10. Ní kọ́pẹ́ráàtífù, kò rí bẹ́ẹ̀: ènìyàn kan, ìbò kan, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Kí ẹ tó tẹ ìka sórí ìwé, ẹ bèèrè èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà wà. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ pátápátá, tí ilé-iṣẹ́ sì jẹ oníṣòwò epo lówó, ṣé oníṣòwò náà lè wá kó iṣu inú abà onípìn-ín? Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin irú rẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ìpín tí onípìn-ín san ni ó lè sọnù, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ọ̀rọ̀ "Limited" lẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbèsè náà ní ibi tí ó mọ. Níhìn-ín ní Benin, SARL tàbí SA ni ẹ ó rí.

APÁ KEJÌ: OWÓ KÒKÓ ÀTI ODÙ'A

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí kì í lọ àgbàdo, tí kì í sì í hun aṣọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó fi owó ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ó sì ní ilé àti ilẹ̀ tí yóò máa mú owó wọlé. Irú èyí ni à ń pè ní ilé-iṣẹ́ ìdókòòwò. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín ọmọ Yorùbá wà ní Ìbàdàn, ní Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ ni Odù'a Investment Company Limited. Odùduwà ni wọ́n gé kúrú sí Odù'a. Ẹ jẹ́ kí a tọpasẹ̀ rẹ̀, kí a rí bí ó ṣe di ti àwọn tí ó ni ín.

Inú oko kòkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wa tí ó ti ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà mọ kòkó dáadáa. Ní 1947, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àjọ kan kalẹ̀ tí yóò máa ra kòkó àwọn àgbẹ̀ tí yóò sì máa tà á sí òkè òkun. Ní 1954, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Marketing Board ni wọ́n ń pè é. Òun ni ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe ń kéde iye owó òwú fún wa níhìn-ín kí àkókò títà tó dé.

Bí kòkó bá wọ́n ní òkè òkun, àjọ náà kì í san gbogbo owó rẹ̀ fún àgbẹ̀. Ó ń tọ́jú ìyókù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé lọ́jọ́ tí owó kòkó bá wálẹ̀, àwọn yóò fi owó ìpamọ́ yìí gbé àgbẹ̀ dúró. Èrò náà kò burú. Ẹni tí ó bá ti ta kajú ní ọdún tí ó wọ́n, tí ó tún tà á ní ọdún tí ó pọ̀ jọ̀jọ̀, mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n owó náà ga bí òkè, ìjọba sì ní iṣẹ́ púpọ̀ tí ó fẹ́ ṣe. Díẹ̀díẹ̀, owó ìpamọ́ àgbẹ̀ di owó tí ìjọba fi ń ṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: iṣẹ́ tí ìjọba náà ṣe kì í ṣe kékeré. Ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1965, wọ́n parí ilé alájà 26 kan ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, owó kòkó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Cocoa House ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè é ni Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Ẹ tún wo orúkọ yìí: Wema. Bánkì ni. Ní 1945, ọkùnrin oníṣòwò kan dá bánkì sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Agbọ́nmágbẹ. Ní 1969, Marketing Board ti Ìwọ̀-Oòrùn gba bánkì náà pátápátá, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. "We" wá láti inú Western, èyí tí í ṣe Ìwọ̀-Oòrùn. "Ma" wá láti inú Marketing. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tí ń bójú tó ilé àti ilẹ̀, Wemabod ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ lè rí ibi tí "bod" ti wá. Ẹ rí i pé owó àgbẹ̀ wà nínú orúkọ wọn gan-an, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Àríyànjiyàn sì ti wà lórí owó yìí kí ilé náà tó parí. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yan ìgbìmọ̀ ìwádìí kan, Adájọ́ G. B. A. Coker ni olórí rẹ̀, pé kí wọ́n yẹ ìwé àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Wọ́n rí i pé Marketing Board ti yá ilé-iṣẹ́ ìdókòòwò kan ní owó tí ó tó mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́nà púpọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni National Investment and Properties Company. Ta ni onípìn-ín rẹ̀? Àwọn ènìyàn díẹ̀ péré, àgbà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣe ìjọba. Ta ni olùdarí rẹ̀? Àwọn kan náà. Ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé owó ti gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìjà ìṣèlú ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn kan sì gbà pé ọ̀tá ni wọ́n fi ìwádìí náà mú. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tí kíláàsì wa yóò dá. Ohun tí ó kàn wá ni àwọn àga: owó àgbẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ kan, kò sì sí àga kan ṣoṣo níbẹ̀ tí àgbẹ̀ lè jókòó sí gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀.

Ní 1968 àti 1969, tí ilé alájà 26 ti dúró ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ ní abúlé dìde. Wọ́n ní agbára àwọn kò gbé owó orí tí ìjọba bù fún wọn. Àgbẹ́kọ̀yà ni a ń pe ìjà náà. Ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé láti inú abúlé wọn, kò sí bí wọ́n ṣe lè rí òkè ilé yẹn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ á pín oko. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń pín ilé alájà 26, hòtẹ́ẹ̀lì, àti ìpín nínú bánkì? Bí ẹnì kan bá mú ilé, kí ni ẹnì kejì yóò mú? Wọ́n rí ọgbọ́n kan dá sí i. Wọn kò pín dúkìá náà rárá. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di onípìn-ín. Bí Odù'a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù Agẹmọ 1976 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀. Ẹbí tí ó bá ní ọgbà kajú kan ṣoṣo lè kọ́ nǹkan lára rẹ̀, kí wọ́n má baà gé ọgbà sí wẹ́wẹ́ títí kò fi ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Àwọn onípìn-ín pọ̀ sí i nígbà tí ìpínlẹ̀ ń bí ìpínlẹ̀. Wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní 1991. Wọ́n yọ Èkìtì lára Oǹdó ní 1996. Èkó ni ó wọlé kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti pé ogójì ọdún. Kí ni Èkó bá débẹ̀? Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Badagry wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nítorí náà ìjọba mẹ́fà ni ó ni Odù'a. Lára ohun tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ ni Cocoa House, Wemabod, Hòtẹ́ẹ̀lì Premier àti Lafia ní Ìbàdàn, àti Lagos Airport Hotel ní Ìkẹjà.

Ìjọba kò lè jókòó sórí àga. Ènìyàn ni ó ń jókòó. Nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi orúkọ àwọn tí yóò wọ inú ìgbìmọ̀ olùdarí sílẹ̀, ipò alága sì ń yí láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Ní 2020, Segun Aina, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó mọ iṣẹ́ bánkì, di alága. Adewale Raji ni ọ̀gá àgbà nígbà náà. Ẹ wò ó: alága yàtọ̀, ọ̀gá àgbà yàtọ̀. Lẹ́yìn Aina, Bimbo Ashiru láti Ìpínlẹ̀ Ògùn gba ipò alága. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó ni Odù'a.

Ibi tí ó le wà níhìn-ín. Ògùn rán ènìyàn wá, Èkìtì rán ènìyàn wá. Nígbà tí ẹni náà bá jókòó, ti ta ni yóò ṣe? Bí ó bá ń wo ìpínlẹ̀ tirẹ̀ nìkan, ilé-iṣẹ́ náà yóò di ẹran tí ènìyàn mẹ́fà ń fà. Òfin sọ pé ilé-iṣẹ́ ni olùdarí ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹni tí ó rán an wá. Ó rọrùn láti kọ. Bí gómìnà bá pè é lórí tẹlifóònù ńkọ́? Bí gómìnà bá yí padà, ṣé olùdarí yóò dúró? Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ni, ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn, ní Nàìjíríà, ní Benin, àti níbi gbogbo.

Onípìn-ín a máa jẹ èrè, a sì máa jẹ àdánù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1985, iná jó Cocoa House. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ilé tí kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kò mú owó ilé wá. Àdánù náà kò bọ́ sórí alága. Orí ilé-iṣẹ́ ni ó bọ́ sí, ó sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ni ín.

Ta wá ni ó ni Odù'a? Lórí ìwé, ìjọba mẹ́fà. Gómìnà kò ni ín. Ó ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ di ilé ńkọ́? Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onípìn-ín, ẹ kò ní rí i. Wọ́n sọ ilé ní orúkọ rẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára ògiri kì í dìbò ní ìpàdé. Èmi kò sọ pé ó yẹ kí wọ́n máa pín Cocoa House fún àwọn àgbẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wọn jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì rin ọ̀nà tí wọ́n là. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìpín ni, bó ti wù kí ó kéré tó, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá ní ohun tí wọn yóò mú lọ́wọ́ lọ sí ìpàdé. Àwọn àgbẹ̀ náà kò bèèrè. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka ìwé tí wọ́n fi ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn.

APÁ KẸTA: NÍHÌN-ÍN NÍ BENIN

Òfin ilé-iṣẹ́ olókòòwò tí à ń lò ní Benin ni òfin OHADA, tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà jọ ṣe. Wọ́n gbé e jáde ní 1997, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Nínú SA tí ó ní ìgbìmọ̀ olùdarí, àwọn olùdarí kò gbọdọ̀ dín ní 3. Wọn kò sì gbọdọ̀ ju 12 lọ, àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń ta ìpín rẹ̀ ní ọjà ìpín gbogbogbòò.

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n gbọ́dọ̀ pe àwọn onípìn-ín sí ìpàdé láti wo ìṣirò owó, kí oṣù 6 tó kọjá lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò parí. Ní ọjọ́ 15 tí ó ṣáájú ìpàdé náà, onípìn-ín lè lọ sí ilé-iṣẹ́ kí ó ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò han òun. Kò sí pé ó ń fi ìwọ̀sí lọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní ẹ̀tọ́ yìí, ṣùgbọ́n yóò mú ẹlòmíràn lọ kà á fún un, ohun tí ẹni náà bá sì kà ni yóò gbà.

Òfin kan wà nínú rẹ̀ tí ó wù mí kí gbogbo kíláàsì há sórí: olùdarí SA kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń darí. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ dá a padà lọ́la, kò gbọdọ̀ yá a.

ÌBÉÈRÈ

1. Ní ọdún kejì, èrè ẹ̀rọ obìnrin Sanson jẹ́ 150 000 fránkì. Ìpàdé ní kí wọ́n fi 60 000 pamọ́. Èló ni ìpín kọ̀ọ̀kan yóò gbà? Èló ni ti ẹni tí ó ní ìpín 3?

2. Ta ni ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń lọ ẹ̀rọ síṣẹ́? Ta ni ó lè lé e? Ta ni ó lè yọ àwọn tí ó gbà á?

3. Kọ orúkọ ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó ni Odù'a. Èwo ni a yọ lára èwo?

4. Kí ni ìdí tí wọn kò fi pín dúkìá Ìwọ̀-Oòrùn ní 1976? Ṣé ìwọ ì bá pín in? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì.

5. Nínú ẹgbẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ fi owó sí, kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀. Kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n fi ìṣirò owó hàn yín kẹ́yìn. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé rẹ, lọ bèèrè, kí o sì wá kọ ọ́ ní ìjókòó tí ó ń bọ̀.